Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ́ balùwẹ̀ màámi

Ẹ̀ẹ̀kínní gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kejì gbà mí ní oṣù méjì ó lé díẹ̀, owó tó bá a lọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Àjàṣẹ́ níbí ni, lápá Wàndó, nínú ilé bàbá wa, èmi tí mi ò mú tùrúẹ́ẹ̀lì (irin tí wọ́n fi ń rẹ́ sìmẹ́ńtì) lọ́wọ́ rí láyé mi àfi ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí wọ́n ń rán mi pé kí n lọ gbé e fún másọ̀n, ìyẹn bíríkìlà. Gbogbo ẹni tó bá ti wá kí wa tó sì wọ ibẹ̀ ló ń bi mí pé báwo lo ṣe ṣe é, báwo lo ṣe ṣe é, ẹnu ti wá ń ro mí, ìyẹn ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà ni mí o. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀sín ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ilé bàbá wa, ilé àtijọ́ ni, amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ìta ẹ máa rò pé bíríkì ni. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé: ògiri mẹ́rin tí ò ní òrùlé, òkúta pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, ihò kan nísàlẹ̀ ògiri tí omi ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti wẹ̀ dàgbà. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀, ẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́ òjò náà ń bá yín wẹ̀, kò sí wàhálà, ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n màámi ti lé ní 75 báyìí, orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyẹn, ilẹ̀ tutù, wọ́n gbé omi gbígbóná lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọ́n yọ̀ lórí òkúta yẹn. Ọlọ́run ló yọ wá. Apá ni wọ́n fi gbá ògiri, kò kán, omi gbígbóná yẹn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe àwọn. Èmi ni nǹkan ṣe, mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn, tí a ń kó àpótí àti ìkòkò ńlá sí, òun ni mo máa sọ di dúṣì. (Níbí, dúṣì ni gbogbo ayé ń pe balùwẹ̀ o, yálà omi ń já bọ́ látòkè ni, tàbí garawa lẹ̀ ń lò.)

Mo pe oníṣẹ́ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ wo yàrá, ó wo bàtà mi, ó dárúkọ owó kan tó jẹ́ pé tí mo bá san án, ọmọ mi kan ò ní lọ sílé ìwé lọ́dún yẹn. Ẹnì kejì gba àsanlẹ̀ 40 000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ lọ ra tùyó, ìyẹn páìpù, títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí mi ò tíì rí òun mi ò rí tùyó. Mo bá ní kí ló tiẹ̀ dé gan-an? Ṣebí omi ni? Ṣebí èmi ni mò ń dúró níwájú àwọn ọmọ láràárọ̀ pé ibi tó bá rẹlẹ̀ ni omi ń wá lọ? Mo wo fídíò bíi márùn-ún lórí fóònù, mo ní ó ti yé mi.

Oṣù kẹjọ ni, àwọn ọmọ wà ní fákáǹsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan wá ràn mí lọ́wọ́, ọmọ ọdún 19, agbára wà lára ẹ̀, ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ò sí lórí àwa méjèèjì. A kó àpótí jáde, a gbẹ́ ilẹ̀, a da kọnkéré, mo ti tùyó kan gba abẹ́ ògiri lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tùyó mílímítà 32, torí òun ló wà nílẹ̀ tí kò ná mi lówó. Mo ra kàró lọ́jà Wàndó, èyí táwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè ní táìlì, funfun gbòò, sẹ̀ǹtímítà 60 lórí 60, ó ń dán débi pé mo ń rí irùngbọ̀n mi nínú ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní pálọ̀ ni wọ́n ń lẹ èyí sí o, mo ní kò burú, ibẹ̀ náà ni yóò jẹ́ pálọ̀ fún màámi.

Bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ ni pé a pò sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn, a bù ú sẹ́yìn kàró níbi márùn-ún, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, a gbé e lélẹ̀, a fi ọwọ́ gbá a. Báyẹn ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe é láti kékeré. Ilẹ̀ ńkọ́? Mo ní kó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ síbi ihò. Díẹ̀ tó báwo? Díẹ̀ tí ojú rí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo di ojú kan, mo ní ó ti dà. Ìyẹn nìkan o, kò sí nífò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, kò sí okùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án a ṣí omi, omi ṣàn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Màámi gbàdúrà fún mi títí ojú fi ń tì mí.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn ní ìdájí báyìí, ó máa ṣe yín bíi pé ẹ bẹ orí mọ́ inú gọ́tà, aáyán náà sì ti mọ ọ̀nà, láti inú ihò yẹn ni wọ́n ń tò wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fi sífọ̀n sí i. Àwo irin oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi bo ojú ẹ̀ nìkan ni mo rà, mo rò pé gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Sífọ̀n ni nǹkan tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn tí omi díẹ̀ máa ń dúró sínú ẹ̀ nígbà gbogbo, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, omi yẹn ló ń di ọ̀nà mọ́ òórùn àti aáyán. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé o. Kò kàn sọ sí mi lọ́kàn pé òun ló yẹ kó wà nílẹ̀ ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni jọ́ìntì, ìyẹn sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń dí àárín kàró, bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Màámi ò fi ọṣẹ mìíràn wẹ̀ àfi ọṣẹ dúdú, èmi náà wá fi jọ́ìntì funfun sáàárín kàró funfun. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ó ti rí bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì ṣe nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màámi pè mí wọ yàrá wọn, wọ́n ní kí n wá wo ògiri. Ọ̀dà tó wà lára ẹ̀ ti lé ròrò, bí ara ẹni tí iná jó, láti ilẹ̀ títí dé bí orúnkún mi. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìka mi wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ.

Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ nǹkan tí omi ń fi ojú amọ̀ rí. Ẹ rìn gba àárín ìlú, ẹ wo àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ tí àwọn tó ti Bràsíìlì bọ̀ àtàwọn ọmọ wọn kọ́, pẹ̀lú fèrèsé alárà wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti dà wó, kì í ṣe ogun, kì í ṣe iná. Òrùlé jò díẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, ògiri mu omi, ó wúwo, ó jókòó. Bàbá wa máa ń sọ ọ́ nígbà ayé wọn pé ilé amọ̀ ò bẹ̀rù oòrùn, kò bẹ̀rù ọyẹ́, kìkì kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má tutù. Èmi ọmọ wọn wá lọ gbé omi sí ìdí ẹ̀, mo fi kàró bò ó, mo pè é ní dúṣì.

Bàbá másọ̀n kan wà ládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ègùn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu wọn dùn ju tàwọn ọmọ mi lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n wá, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n bu omi ife kan wá. Wọ́n dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Gbogbo wa dúró à ń wò ó. Omi yẹn ò lọ síbi ihò o, ó rọra yà sí ọ̀tún, ó lọ jókòó ní igun, níbi tí ògiri amọ̀ wà gan-an, ó dákẹ́ síbẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ? Tíṣà?"

Wọ́n yọ owó ẹyọ kan lápò, wọ́n ń fi kan kàró lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á dún gbì, òmíràn á dún kò kò kò bí igbá òfìfo. Wọ́n ní ṣé o gbọ́ ọ, ibi márùn-ún lo fi sìmẹ́ńtì sí, ibi tó kù ṣófo, omi á gba jọ́ìntì wọlé, á máa ṣeré lábẹ́ ibẹ̀. Mo ní Bàbá, kàró kì í jẹ́ kómi wọlé. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kàró, ẹwù ni. Ṣé ẹwù máa ń dá òjò dúró? Awọ ara lo gbàgbé láti fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo nǹkan tí mo wá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Kàró fúnra ẹ̀ lè má mu omi, ṣùgbọ́n jọ́ìntì àárín ẹ̀, sìmẹ́ńtì ni, omi ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń dá omi dúró, abẹ́ kàró ló wà, ẹ ò ní rí i mọ́ láéláé tẹ́ ẹ bá ti lẹ kàró tán, ìyẹn ló ṣe rọrùn fún èèyàn láti fò ó.

Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé "Pàáńtì dà?" Faransé ni wọ́n ń sọ o, bí ilẹ̀ ṣe ń dà gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń bi mí. Màámi gbọ́ ọ láti yàrá, wọ́n dáhùn pẹ̀lú ìbínú, "Pàǹtí kẹ̀? Mo gbálẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, wọ́n sì rọra mú ọwọ́ kúrò, torí ògiri yẹn ò ṣe é dì mú.

Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn láràárọ̀ Sátidé, àwọn á jókòó, èmi ni n ó máa ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti ṣi í ṣe, wọ́n á fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, pa á rẹ́."

A fọ́ gbogbo ẹ̀. Kàró, kọnkéré, tùyó, gbogbo ẹ̀ pátá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fọ́ ọ ó ń kọrin, èmi ń kó o jáde mo ń ka owó tí mo ti ná. Ìyẹn ò gba ju ọjọ́ méjì lọ. Ohun tó gba àkókò ni ògiri amọ̀, kò ṣe é fi ipá gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn kalẹ̀, màámi lọ ń sùn ní yàrá mi, èmi ń sùn ní pálọ̀, ìwé sì ti wọlé nígbà yẹn. Lẹ́yìn tó gbẹ, a há èyí tó ti rọ̀ kúrò, a fi amọ̀ tuntun dí i. Bàbá ò wá jẹ́ kí dúṣì fara kan amọ̀ yẹn mọ́. Bíríkì sìmẹ́ńtì oní-sẹ̀ǹtímítà 10 la fi mọ ògiri mìíràn síwájú ẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ tiẹ̀, a fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sáàárín, a sì dá ihò kéékèèké lókè àti nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀. Yàrá náà kéré sí i, ó ku mítà 1.20 lórí 1.60. Ó tó èèyàn kan wẹ̀, ó tó kí ẹlòmíì dúró tì wọ́n.

Tùyó wá di mílímítà 50, ó ń dà gẹ̀rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan títí dé pwísáà, ìyẹn kòtò tí omi náà ń rọ̀ sí. Èmi fẹ́ gbẹ́ kòtò yẹn síbi tó sún mọ́ ilé kí tùyó má baà gùn. Ọ̀pá gbá ilẹ̀. Wọ́n ní kànga ńkọ́? Kànga wà lágbàlá wa, a ṣì ń fa omi ẹ̀, wọ́n ní ó kéré tán kí mítà 15 wà láàárín wọn, tó bá lè jù bẹ́ẹ̀ kó jù bẹ́ẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 17, a ra tùyó sí i.

Ó wá kan pàáńtì. Ẹ jẹ́ n sọ ti ojútì mi. Mo ní mo fẹ́ lọ ra nífò tuntun, Bàbá ní kí n lọ wá tùyó rọ́bà tó mọ́ gaara wá, bíi mítà 5, kí n rọ omi kún un kí afẹ́fẹ́ má sí nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ yìí di orí kan mú ní igun yìí, kí n di èkejì mú ní igun tọ̀hún, ibi tí omi bá dúró sí lórí méjèèjì, ẹ fi pẹ́ńsù fà á, ibẹ̀ dọ́gba. Mo dúró, mo di tùyó mú, ara mi tutù. Ọdún 12 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí, pẹ̀lú ìgò oníhò mẹ́rin tí ìjọba fún wa, pé omi tó wà nínú ohun tó so pọ̀ máa ń dọ́gba lórí. Kò sígbà kan tí mo rò ó pé àwọn másọ̀n ń fi í kọ́lé. Bàbá ò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ìlà yẹn ti yí yàrá po, ìṣirò tó kù ò le. Ihò wà láàárín ògiri ẹ̀yìn, igun tó jìnnà sí i jù jẹ́ bíi mítà 1.70, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 àbọ̀. Torí náà ẹnu ọ̀nà ga ju ihò lọ ní 3 àbọ̀, mi ò sì nílò ìdènà kankan níbẹ̀ tí màámi máa gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ohun tí mo ń wá látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ta okùn láti gbogbo igun wá síbi ihò, a rẹ́ ilẹ̀ tẹ̀ lé okùn. Ẹ fi àpò tó tutù bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má kánjú. Sìmẹ́ńtì tí oòrùn bá yára gba omi ẹ̀ máa sán.

Lẹ́yìn náà ni awọ ara. Kẹ́míkà kan ni, ìyẹ̀fun àti omi bíi wàrà tí wọ́n ń pò pọ̀, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, tó bá gbẹ á dà bíi rọ́bà. Ó wọ́n, ó dùn mí. A kùn ún sí gbogbo ilẹ̀, a kùn ún gòkè ògiri dé ibi tí omi lè ta dé. Àwọn igun àti etí sífọ̀n, a kọ́kọ́ fi aṣọ àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ kó tó di pé a kùn ún, torí ibi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé ló máa ń sán. Ẹ̀ẹ̀kínní a kùn ún lọ sókè, ó gbẹ, ẹ̀ẹ̀kejì a kùn ún ní ìbú.

Ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ fò rèé, kódà tẹ́ ẹ bá fo gbogbo èyí tí mo ti kọ. Kí kàró kankan tó dé ilẹ̀, mo fi àkísà tí mo wé lọ́ra dí ihò pa, mo fi amọ̀ ṣe odi kékeré sẹ́nu ọ̀nà, mo rọ omi kún ibẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù ṣàmì sí ara ògiri. Mo tún gbé abọ́ omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ṣàmì sí òun náà, torí omi máa ń fà lọ fúnra ẹ̀ nínú ooru wa yìí, tí ti inú abọ́ bá lọ sílẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀, kò sí nǹkan, afẹ́fẹ́ ló gbà á. Ìyẹn lọ́gbọ́n tèmi, Bàbá sì mi orí sí i, inú mi dùn bí ọmọ tó gba 20 lórí 20. Wákàtí 24. Ní ọjọ́ kejì, ti inú abọ́ ò kúrò lójú kan tán, ti ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan.

Mo jókòó sílẹ̀. Bàbá ní inú kí ló ń bí ọ sí, ṣé kò sàn kó sọ fún ọ lónìí ju kó sọ fún màmá rẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Etí sífọ̀n ni. Aṣọ àwọ̀n yẹn ti ká díẹ̀ lápá kan. A gbẹ ẹ́, a tún un lẹ̀, a tún un kùn, a tún rọ omi sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, wákàtí 48, ilẹ̀ àti abọ́ dọ́gba, pẹ́ńsù pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Kàró ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kéékèèké la lò, 10 lórí 10, tí ò dán, tó le lẹ́sẹ̀. Ìdí méjì ni: jọ́ìntì púpọ̀ ń di ẹsẹ̀ mú, ìkejì sì ni pé kàró ńlá ò lè tẹ̀ sí apá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ bá ń dà láti gbogbo igun wá síbi kan, ẹ ní láti máa gé e ní ìdábùú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbé igun kan sókè, omi á jókòó, bí ó ṣe ṣe mí lẹ́ẹ̀kínní. Kọ́ọ̀lù, ìyẹn gọ́ọ̀mù kàró, la fi lẹ̀ ẹ́, tùrúẹ́ẹ̀lì eléyín la fi fà á sílẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn kàró la kùn, kò sí ọ̀rọ̀ ibi márùn-ún mọ́. Jọ́ìntì jẹ́ aláwọ̀ eérú tó dúdú díẹ̀, kí ọṣẹ dúdú rí ẹgbẹ́ ẹ̀. Igun ògiri, sílíkọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù tó rí bíi rọ́bà, ló wà níbẹ̀, kì í ṣe jọ́ìntì.

A fi bíríkì ṣe ibi ìjókòó kan fún màámi, gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, torí mo wọ̀n àpótí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa jókòó lé, kí orúnkún wọn má baà ṣẹ́ po jù. Òkè ẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ síwájú. Irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ara ògiri bíríkì la kàn án mọ́, ẹ má kan irú ẹ̀ mọ́ amọ̀ láéláé, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yọ̀ gan-an lẹ máa mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Orí dúṣì ńkọ́? Físíìsì tún rèé. Mo lọ ra ńlá kan, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, tí wọ́n ní á máa rọ̀ bí òjò. Táǹkì wa wà lórí òpó kọnkéré, ìdí ẹ̀ ga ní mítà 3, orí dúṣì ga ní mítà 2. Mítà 10 omi lókè ló ń fúnni ní báà kan (báà la fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), èmi ní mítà kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. A ṣí i, omi ń kán tó tó tó, bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Mo dá a padà (wọn ò dá owó mi padà, mo fi pààrọ̀ ni), mo mú kékeré tí ihò ẹ̀ ò pọ̀, mo sì jẹ́ kí tùyó tó ń bọ̀ láti táǹkì fẹ̀ di mílímítà 25. Ó ń ṣe dáadáa báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, "Tíṣà kan ra orí dúṣì...", wọn ò mọ tíṣà náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká ra èyí tó ń fi iná mànàmáná gbóná, torí ọyẹ́. Mo wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀: 5 500 wáàtì. Ẹ fi fólítì 220 pín in, áńpìà 25 nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n iná tó máa gba inú wáyà. Wáyà inú ilé wa, ti gílóòbù ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ilé náà ò sì ní wáyà tó wọlẹ̀. Omi, iná, àti màámi nínú yàrá kan náà. Mo gbé páálí náà padà fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá à ń tẹ́tí. A ò gbọ́ orí dúṣì. Ohun tí a gbọ́ ni igbá tó ń bu omi, wàà, wàà, àti kàn-ìn-kàn-ìn. Wọ́n ti kaná omi lórí ẹ̀ẹ̀dú pẹ̀lú ewé wọn, wọ́n ní kí ọmọ mi gbé garawa wọlé fún àwọn, wọ́n jókòó lórí ibi ìjókòó yẹn, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n ń kọrin. Nígbà tí wọ́n jáde mo ní, Màámi, ẹ ò ṣí dúṣì?

Wọ́n ní, "Kómi máa já bọ́ lé mi lórí? Ṣebí òjò tí mo torí ẹ̀ sá kúrò lẹ́yìnkùlé náà nìyẹn?"

Àwọn ọmọ ló ń lo orí dúṣì báyìí. Lára ẹ̀ ni màámi ń fi kàn-ìn-kàn-ìn wọn kọ́ sí kó lè gbẹ.